Oko Tí Wọ́n Bá Bàbá Mi Sun

Nígbà tí mo ń wá ìbò, ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn. Mo máa ń sọ pé ìfẹ́ òtítọ́ ló sọ mí di lọ́yà. Wọn a pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin a yọ gèlè jù sókè, èmi náà a rọra rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ pé òun gbayì. Irọ́ ni. Ìfẹ́ òtítọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé kóòtù ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun àgbáyé kejì, ló lé mi dé ibi tí mo dé. Mo ti darúgbó báyìí, mi ò wá ìbò ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Àwọn ọmọ wọn ń bẹ ní Adó títí di òní, a sì jọ ń bọ ara wa lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo ti ṣe tíṣà díẹ̀, wọ́n sì ti wá mú mi ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ kan ní agbègbè wa. Ẹ ò lè mọ ohun tí akọ̀wé kóòtù jẹ́ láyé ọjọ́un. Mo ní ṣòkòtò kákí méjì tí mo máa ń lọ̀ títí yóò fi le bíi páákó. Mo ní bàtà. Ìyá mi tó ń ta ata ní Ọjà Ọba a máa yípo gba iwájú kóòtù kọjá láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọjà rárá. Ó kàn fẹ́ yọjú lójú fèrèsé kó rí ọmọ rẹ̀ lórí àga ni.

Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni ìwé ọwọ́ mi. Kò sí akọ̀wé tó ń kọ̀wé bíi tèmi láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó máa ń wá yẹ ìwé kóòtù wò lóṣooṣù ti sọ ọ́ lójú gbogbo ìjòyè pé ìwé ọwọ́ mi dà bí èyí tí wọ́n tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sọ gbólóhùn yẹn fún ara mi lójú ọ̀nà.

Bí kóòtù náà ṣe rí nìyí. Àwọn ìjòyè mẹ́rin ló ń jókòó dá ẹjọ́. Lọ́yà kì í wọ ibẹ̀. Òfin kò gbà á. Èdè Èkìtì ni wọ́n fi ń rojọ́, èmi a sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó wúwo bí ọmọ ọdún kan. Bí ẹjọ́ bá parí, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ a tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sábẹ́ ohun tí mo kọ, ohun tí kò lè kà. Èyí tí mo bá kọ ni ẹjọ́. Èyí tí mi ò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi ń dáko ní ọ̀nà Ìjan. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó sì jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra débi pé ó ń súni. Kò ní gbé ẹsẹ̀ kó má kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Lọ́dún yẹn, ó ṣán igbó tuntun kan fún iṣu, ó sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Oko kòkó ìjòyè kan ló bá a pààlà, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè mẹ́rin tó ń dá ẹjọ́ ní kóòtù wa. Nítorí kòkó yẹn ni bàbá mi ṣe kọ̀ láti tètè sun oko rẹ̀. Àwọn yòókù ti sun tiwọn tán, ó ní òun yóò dúró kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ rọlẹ̀ ná, kí iná má baà fò kọjá ààlà.

Iná fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọdẹ tó ń lé ọ̀yà ní ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n dáná sun koríko, iná sì gba ẹ̀yìn wọ oko kòkó ìjòyè. Bàbá mi rí èéfín, ó gé ewé tútù, ó sáré lọ pa iná tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé ìjòyè máa fi dé, àwọn ọdẹ ti lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú eérú, tó ń wúkọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ní òun ló dáná náà.

Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ẹjọ́ náà, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àgbàlagbà pátápátá ni, onínúure sì ni. Kò sí ọmọ ilé wa tí kì í ṣe òun ló bá àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ. Bàbá mi sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Uná yìí kò ti ọwọ́ mi jáde. Kí wọ́n lọ wo oko mi. Ugbó tí mo ṣán sì wà nílẹ̀ báyìí, ewé kan kò jó níbẹ̀. Ṣé uná máa tinú oko mi lọ sí oko ẹlòmíì, kí oko tèmi má jó?"

Ó mà dára o! Mo ti ṣe lọ́yà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò lọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí wa mi orí.

Ó ní, "Àbúrò mi, oko ìjòyè ló jó. Unú ń bí ìjòyè. Ṣé uwọ lo máa wá dìde dúró níwájú gbogbo ùlú, kí o máa bá a jiyàn? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ní kí wọ́n má bínú. Bó o bá ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí o dìde, ó parí. Ìdọ̀bálẹ̀ fún aràrá kò ní kéèyàn má ga tó bá dìde."

Bàbá mi yíjú sí mi. Mo ṣì rí ojú yẹn títí di ìsinsìnyí.

Ó ní, "Uwọ tó o wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí lo wí?"

Kí ni mo wí? Mo ti rí ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, àwọn ìjòyè a bá a wí, wọn a ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń parí ọ̀rọ̀ nílé wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé: ẹni tí àgbà bá bínú sí a kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, yálà ó ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀, bí inú bá ti rọ̀ tán ni a tó ń wádìí. Ó sì tún ku ohun kan tí mi ò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mò ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi dúró sínú kóòtù kó máa bá ọ̀gá mi jiyàn.

Mo ní, "Ẹ bẹ̀bẹ̀, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù."

Ohun tí mo gbàgbé nìyí, tàbí tí mo ṣe bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ìwé kan ti dé láti ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀. Ó ní iná ẹ̀ẹ̀rùn ń ba kòkó jẹ́ ju bó ti yẹ lọ, pé ẹnikẹ́ni tó bá gbà pé òun ló dáná tó jó oko kòkó, ẹ̀wọ̀n ni, ìjòyè kankan kò sì gbọdọ̀ dárí jì í. Èmi ni mo da ìwé náà kọ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Mo fara balẹ̀ fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀. Mo rò pé àwọn àgbà yóò wá ọgbọ́n kan dá sí i. Àwọn àgbà kì í ṣàìwá ọgbọ́n dá.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ìjòyè tó ni kòkó kúrò lórí àga, ó lọ jókòó láàárín àwọn èèyàn, bó ti yẹ. Àwọn mẹ́ta yòókù jókòó. Kò sí ẹni tó rò pé ó burú pé èmi ni mo ń kọ ọ́. Wọ́n pe bàbá mi. Ó wọ agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì na gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀, bí kò bá jẹ́ èmi ni, ẹ má bínú, ẹ fi jì mí."

Mo kọ ọ́ pé ó jẹ́wọ́, ó sì ń tọrọ àánú.

"Bí kò bá jẹ́ èmi ni" kò sí níbẹ̀. Mo ti ronú lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa á lára. Gbólóhùn yẹn kò kàn bá ìwé mu ni. Ibi méjì péré ló wà nínú ìwé náà: ó gbà, tàbí kò gbà. Ẹni tó na gbalaja sílẹ̀ tó ń sọ pé ẹ fi jì mí, ẹ jọ̀wọ́, ibo lẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ sí?

Olórí àwọn ìjòyè yíjú sí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ó gbà?"

Mo ní, "Ó gbà, Bàbá."

Ìjòyè náà kẹ́dùn. Mo rí i pé ó dùn ún. Ó ní bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, àwọn ì bá ní kó dìde, kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìwé Ajẹ́lẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Bàbá mi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó ń dúró kí wọ́n ní kó dìde. Akódà kóòtù ló fà á dìde, wọ́n sì mú àtàǹpàkò rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìwé mi.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ò sunkún. Ó ń gún iyán tí bàbá mi kò ní jẹ. Ó dáwọ́ odó dúró, ó wò mí láti orí dé bàtà.

Ó ní, "Ùwé rẹ ló mú un lọ. Kí ùwé rẹ lọ mú un bọ̀."

Lẹ́yìn èyí, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Yàrá kan tí mo gbà nítòsí kóòtù ni mo padà sí, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ajẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ ní ìgbà méje. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ láyé mi ni mo dà sínú rẹ̀, títí kan èyí tí mi ò mọ̀ dáadáa. Bí mo bá jókòó sí kóòtù tí ẹnì kan bá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rù a máa bà mí láti fi gègé kan ìwé.

Ọjọ́ Ajé ni mo mú un lọ bá Ajẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, oòrùn ti sun imú rẹ̀ bí iṣu. Ó kà á tán, ó ṣí ìwé kóòtù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ ìwé kóòtù yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yìí?"

"Èmi náà ni, sà."

"Èwo ni irọ́ nínú méjèèjì?"

Mo ní ti àkọ́kọ́ ni. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé òun lè lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí mo sọ yẹn? Mo ní mo mọ̀. Ẹ má rò pé mo láyà. Ojú ìyá mi lẹ́nu odó ló ń lé mi. Mo wá sọ fún un nípa oko bàbá mi, pé igbó tó ṣán ṣì wà nílẹ̀, tó gbẹ, tí iná kò kàn, àti pé iná kò lè ti ibẹ̀ jáde láìjó o. Ó wá sọ pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì òun yóò wá fi ojú ara òun rí i. Bí igbó náà bá wà níbẹ̀ bí mo ti wí, bàbá mi yóò sùn sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo sáré. Akọ̀wé kóòtù kì í sáré láàárín ìgboro, mo sáré. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń pa koríko ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Adébáyọ̀ lónìí. Igbó ẹgàn lásán ló yí ibẹ̀ ká nígbà náà. Mo rí bàbá mi, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Akódà tó ń ṣọ́ wọn mọ̀ mí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi.

Ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan oko náà?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án, Bàbá. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ọ̀rọ̀ bá dé etí àwọn ará ilé ìjòyè, wọ́n á lọ dáná sun oko náà kí ẹ̀rí lè bàjẹ́. Nítorí náà mi ò sọ fún olórí ẹbí wa. Mi ò sọ fún ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́nú, tí mò ń wo gbogbo ará ilé ìjòyè bí olè. Lọ́jọ́bọ̀, mo rìn dé oko lẹ́yìn tí a pa kóòtù. Igbó náà wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó ń dún ṣákáṣáká lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ sí àárín rẹ̀, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mọ́tò Ajẹ́lẹ̀ gbé wa dé ibi tí ọ̀nà parí sí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn, èmi níwájú, òun àti akódà méjì lẹ́yìn. Ibi tí a ti dá odò kọjá ni mo ti gbóòórùn èéfín. Mo sọ fún ara mi pé àwọn ọdẹ ni. Mo gbàdúrà kó jẹ́ àwọn ọdẹ. Mo yára, mo fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, mo sì yọ sí oko bàbá mi.

Eérú ni. Láti ààlà kan dé èkejì, eérú funfun tó ṣì ń rú èéfín. Àwọn ọkùnrin bí ogún dúró yí i ká, gbogbo ara wọn dúdú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, pẹ̀lú àwọn ará ilé wa. Wọ́n ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kòkó pẹ̀lú ewé tútù kí iná má baà kọjá, wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an. Ìyá mi wà lábẹ́ igi, ó ń fi epo sí iṣu sísun fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ẹjọ́.

Olórí ẹbí wa rí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ọmọ wa, wá wò ó! Mo pe ọ̀wẹ̀. A ti bá bàbá rẹ sun ún. Bí òjò bá bá a lẹ́wọ̀n, kò ní bá oko rẹ̀ ní ugbó. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó kọ ebè, a ó gbin uṣu rẹ̀. Ọjọ́ tó bá jáde, oúnjẹ ń bẹ nílẹ̀."

Mò ń ṣọ́ ọ̀tá láti ọjọ́ Ajé, àwọn tó fẹ́ràn bàbá mi ló wá ṣe é. Ká ní mo ti sọ fún ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, ẹnì kan péré, oko yẹn ì bá wà nílẹ̀.

Nígbà náà ni Ajẹ́lẹ̀ yọ lẹ́yìn mi pẹ̀lú àwọn akódà.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Wọ́n mọ̀ pé Ajẹ́lẹ̀ ń bínú sí iná dídá. Kí n tó la ẹnu, gbogbo wọn ti na gbalaja sínú eérú, olórí ẹbí wa ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan eérú, ó sì tètè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí n bi wọ́n pé ìgbà wo ni oko yìí jó. Mo bi wọ́n. Mo bi wọ́n pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lójú. Bí olórí ẹbí wa bá lè sọ pé òwúrọ̀ yìí ni, pé títí di àná ó wà láìjó, bóyá ohun kan ì bá ṣì kù.

Olórí ẹbí wa kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ fi jì wá."

Ajẹ́lẹ̀ ní kí n tún bi í: ṣé oko yìí ti jó ṣáájú òní, nígbà tí kòkó jó?

Ó ní, "Ohun tí ẹ bá wí náà ni, Bàbá. A kò jiyàn. Ẹ fi jì wá."

Mo kígbe mọ́ ọn. Èmi, mo kígbe mọ́ olórí ẹbí wa. Mo ní, "Ẹ dìde! Ẹ sọ òtítọ́! Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ sun ún láàárọ̀ yìí!" Ó rọra yíjú sí mi láti ilẹ̀, eérú ti bo irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì bínú.

Ó ní wúyẹ́wúyẹ́, "Uwọ náà dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi. Dọ̀bálẹ̀ kíákíá."

Ẹ ó ní mo ya wèrè. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na gbalaja sínú eérú gbígbóná pẹ̀lú ṣòkòtò kákí tí mo lọ̀, mo ń bẹ òyìnbó kan nítorí bàbá mi, mo ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ. Ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìkà èèyàn, mo gbọdọ̀ sọ ìyẹn. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń jẹ́wọ́, ẹ ó sì tún wá bá mi lẹ́yìn pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Kí ni kí n gbà gbọ́?" Ó ní òun ò ní mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé kóòtù ni òun yóò gbà. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ orí mi kọjá, ó ń lọ síbi mọ́tò rẹ̀.

Ìyá mi ni mo sọ fún níkẹyìn, lábẹ́ igi, ohun tí Ajẹ́lẹ̀ wá ṣe. Ó ṣì mú iṣu dání. Kò jù ú nù. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sílẹ̀, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú ni kò dìde. Àwọn ọkùnrin náà kó ọkọ́ wọn, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n padà wá kọ ebè. Wọ́n gbin gbogbo iṣu náà. Kí ni wọn ì bá tún ṣe?

Bàbá mi lo oṣù mẹ́fà pé. Ó jáde pẹ̀lú ikọ́ tí kò lọ mọ́. Ó jẹ iṣu inú oko yẹn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ẹbí wa fún ọ̀wẹ̀ tó pè, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni. Kò bá mi wí. Mo ń retí kó bá mi wí, mo fẹ́ kó bá mi wí. Mo fi kóòtù sílẹ̀, mo padà sí iṣẹ́ tíṣà, mo ń fi gbogbo àyè tí mo ní kàwé. Nígbà tí ọ̀nà là fún mi láti lọ sí Èkó, kí n lè ti ibẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lókè òkun, bàbá mi sìn mí dé ibi mọ́tò. Ikọ́ mú un ní ìgbà méjì lọ́nà. Nígbà tí mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ló bi mí.

Ó ní, "Nígbà tó ò ń kọ ọ́ sínú ùwé, ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ gbọ̀n?"

Mo ní, "Ó gbọ̀n, Bàbá."

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Mi ò rí i mọ́. Ó kú kí n tó padà dé.

Mo di agbẹjọ́rò ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìjọba, tí àwọn èèyàn ń wólẹ̀ nínú àpótí ẹ̀sùn tí wọ́n ń ní kí a fi ji àwọn. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n dìde, pé ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni a bi wọ́n. Wọ́n ní mo le. Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí iṣẹ́ pọ̀, tó rẹ̀ mí, tí mo gba ìdọ̀bálẹ̀ ẹnì kan ní ìjẹ́wọ́ tí mo sì kọjá sórí ẹjọ́ mìíràn. Mi ò ní ka iye wọn fún yín. Lẹ́yìn náà ni mo wọ òṣèlú, èmi tí mo kórìíra ẹ̀bẹ̀, mo wá ń dọ̀bálẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé ní ọ̀nà Ìjan nítorí ìbò. Ọlọ́run mọ ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, mo ní kí wọ́n bá mi wá ìwé kóòtù ọdún náà. Wọ́n gbé e wá, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo ṣí i dé ojú ewé náà. Mo wá ibi tí tàdáwà ti kán sílẹ̀. Mo wá ibi tí gègé ti yẹ̀. Mo gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, mo yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ gún régé. Mi ò tíì kọ ìwé tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Lábẹ́ rẹ̀ ni àtàǹpàkò bàbá mi wà. Ó fà, ó pín sí méjì, tàdáwà dàrú mọ́ ọn. Ọwọ́ tirẹ̀ ló gbọ̀n.